Áàpù wo ló lè mú kí bàbá mi máa rìn?

Ìbéèrè: Èkó ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n Pàkátà n'Ílọrin ni bàbá mi wà. Wọ́n ti pé ẹni ọdún 69, olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Orúnkún ọ̀tún máa ń dùn wọ́n. Dọ́kítà ní kí wọ́n máa rìn, ṣùgbọ́n orí àga ni wọ́n ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ra fóònù Android fún wọn, àbúrò mi sì gbé áàpù tó ń ka ìgbésẹ̀ sórí rẹ̀. Áàpù náà ní kí wọ́n rin ìgbésẹ̀ 10,000 lójúmọ́. Wọ́n gbìyànjú fún ọjọ́ díẹ̀, wọn ò dé ìdajì, wọ́n bá pa á tì. Ṣé áàpù mìíràn wà tó dáa ju èyí lọ fún àgbàlagbà, àbí kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ fóònù?

Ìdáhùn:

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ má yọ áàpù náà kúrò. Iye tó ń béèrè lọ́wọ́ wọn ni kí ẹ yí padà, kí ẹ sì wá ẹnì kan tí yóò máa bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n rìn. Ẹ̀rọ kì í gbé èèyàn dìde lórí àga. Kíkà ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Iṣẹ́ fisiọ́tẹ́rápì, ìyẹn fífi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, ni mò ń ṣe n'Ílọrin, àgbàlagbà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń tọ́jú. Ohun tí mo máa ń rí ni pé ẹni tí fóònù bá ń sọ fún lálaalẹ́ pé kò ṣe tó, kì í pẹ́ tó fi máa kórìíra fóònù náà, á sì kórìíra ìrìn mọ́ ọn. Bàbá tó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ wọn máàkì ìwé fún ọmọ ilé ìwé, ẹ rò ó wò bó ṣe máa ń rí lára wọn láti rí i lójoojúmọ́ pé àwọn gba 3,000 nínú 10,000.

Iye 10,000 yẹn gan-an, kì í ṣe ọ̀dọ̀ dọ́kítà ló ti wá. Lọ́dún 1965, lẹ́yìn Òlíńpíìkì tí wọ́n ṣe ní Tokyo lọ́dún 1964, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Yamasa ní orílẹ̀-èdè Japan gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí èèyàn máa ń há mọ́ ìgbànú, tó ń ka ìgbésẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Manpo-kei, orúkọ tó ń tọ́ka sí ẹgbàárùn-ún ìgbésẹ̀. Iye náà rọrùn láti rántí, ó sì dùn ún polówó ọjà. Bó ṣe tàn káyé nìyẹn, tó fi wọ inú fóònù gbogbo wa.

Ìwádìí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ bàbá yín dáadáa ni èyí tí onímọ̀ ìlera kan, I-Min Lee, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019. Obìnrin 16,741 ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún mẹ́rin àti díẹ̀, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn sì jẹ́ 72. Àwọn tó ń rin nǹkan bí 4,400 lójúmọ́, ewu ikú wọn fi ìdá 41 nínú 100 kéré sí ti àwọn tó ń rin nǹkan bí 2,700. Bí ìgbésẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu náà ń dín kù, títí tó fi dé nǹkan bí 7,500, lẹ́yìn náà ló dúró sójú kan. Nígbà tó di 2022, àwọn onímọ̀ mìíràn kó ìwádìí 15 jọ, tọkùnrin tobìnrin ló sì wà nínú rẹ̀. Fún àwọn tó ti pé 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àárín 6,000 sí 8,000 ni èrè náà ti dúró.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yìí tàn yín: irú ìwádìí báyìí kò lè fi hàn tán pé ìrìn nìkan ló fà á, torí pé ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kò lè rìn púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ohun kan hàn kedere nínú wọn, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ dì mú: ẹni tó ń rìn kéré jù lọ ni àfikún díẹ̀ ń ṣe lóore jù lọ. Ká ní 2,500 ni bàbá yín ń rìn, 1,500 tí wọ́n bá fi kún un níye lórí gan-an ju 1,500 tí ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó ń rin 9,000 bá fi kún tirẹ̀ lọ. Ẹ ka gbólóhùn yìí fún wọn lórí fóònù. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn kò fìdí rẹmi rárá.

Ó wá kù ọ̀nà tí ẹ máa gbé e gbà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má ṣe yan iye kankan fún wọn. Kí wọ́n kàn fi fóònù sápò láti ìgbà tí wọ́n bá ti jí títí di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn, kí wọ́n sì máa ṣe bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Tó bá di alẹ́, kí wọ́n fi bírò kọ iye tí fóònù kà sínú ìwé. Mo mọ̀ pé fóònù máa ń tọ́jú rẹ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ ìwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ máa ń jẹ́ tiwọn. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ẹ ro ó pọ̀, kí ẹ pín in sí méje. Ká ní ó jẹ́ 2,600, ẹ fi 500 kún un, kí 3,100 jẹ́ àfojúsùn wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbésẹ̀ 500 kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́fà lọ. Bí wọ́n bá ń dé ibẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún nínú méje, ẹ tún fi 500 mìíràn kún un. Bí wọn ò bá dé ibẹ̀, ẹ fi iye náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ má sì bá wọn wí. Bí ó bá ń lọ báyìí, wọ́n á sún mọ́ 6,000 láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, orúnkún náà á sì ti mọ́ra pẹ̀lú rẹ̀. Kí àbúrò yín wọ inú áàpù náà, kó wá ibi tí wọ́n kọ goal tàbí target sí, kó pa 10,000 rẹ́, kó fi iye tiwọn síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n lè yí i.

Ní ti áàpù wo ló dáa jù, mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò níbẹ̀. Bí fóònù náà bá jẹ́ Samsung, Samsung Health tó bá a wá ti tó. Bí kì í bá ṣe Samsung, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá áàpù ìlera kan ti wà lórí rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ẹ lo ìyẹn. Ẹ má san owó fún ọ̀kankan. Kíkà ìgbésẹ̀ kì í jẹ dátà, torí inú fóònù fúnra rẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ bí ara ṣe ń mì wà, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Áàpù tó ń ka ìgbésẹ̀ kò sì nílò láti rí nọ́ńbà àwọn èèyàn yín tàbí láti ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́. Èyí tó bá béèrè ìyẹn, ẹ yọ ọ́. Ẹ ṣí ọ̀nà fún áàpù tí ẹ bá lò láti mọ ìrìn ara nìkan. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tí fóònù máa ń pa nígbà tó bá ń ṣọ́ bátìrì jẹ, nítorí ọ̀pọ̀ fóònù tí kò wọ́n ló máa ń pa áàpù bẹ́ẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, bàbá á wá rìn tán, wọ́n á rí òdo. Kí ẹ sì mú kí lẹ́tà orí fóònù tóbi, kí wọ́n lè rí i láìwá gíláàsì.

Ibi tí fóònù wà lára èèyàn ṣe pàtàkì ju orúkọ áàpù lọ. Màmá kan tó ń ta aṣọ ní Ọ̀fà sọ fún mi pé irọ́ ni fóònù òun ń pa, pé òun rìn yíká ọjà láti àárọ̀, fóònù ní òun ò tíì rin 400. Nígbà tí a wò ó, inú báàgì ni fóònù ń gbé, báàgì sì ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí wọ́n máa fi í sínú àpò tòbí wọn, lábẹ́ ìró, níbi tí ó ti máa lẹ̀ mọ́ itan. Láti ọjọ́ yẹn ni iye náà ti bá ìrìn wọn mu. Fún bàbá yín, àpò ṣòkòtò ló dáa jù. Jálàbíà tí àwọn bàbá wa n'Ílọrin fẹ́ràn, àpò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jìn, fóònù á máa fì síwá sẹ́yìn nínú rẹ̀, kíkà náà kì í gún.

Ẹ ní kí wọ́n dán an wò báyìí: kí wọ́n wo iye tó wà lójú fóònù, kí wọ́n fi í sápò, kí wọ́n rin ọgọ́rùn-ún ìgbésẹ̀ ní àgbàlá, kí wọ́n máa fẹnu kà á. Lẹ́yìn náà kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó tún wò ó, torí fóònù mìíràn máa ń pẹ́ kó tó mú iye tuntun wá. Bí ó bá wà láàárín 90 sí 110, ó dáa. Ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́, tàbí tó ń fi ọ̀pá rìn, fóònù lè má rí púpọ̀ nínú ìgbésẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn kò ba nǹkan jẹ́, torí ìrìn àná wọn ni a fẹ́ fi wé tòní, a ò fi wọ́n wé ẹlòmíràn. Ọ̀kadà tó bá gbé wọn gba ojú ọ̀nà tó ti bàjẹ́ lè mú kí fóònù ka ìgbésẹ̀ tí wọn ò rìn, kí ẹ mọ̀, kí inú yín má bàa kàn dùn sí iye ọjọ́ tí wọ́n lọ sí ìlú mìíràn.

Ibi tí ìrìn náà ti máa wá kò ṣòro n'Ílọrin. Ẹ bi wọ́n léèrè bí mọ́sálásí tí wọ́n ń kírun ṣe jìnnà sílé tó. Ká ní ó jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, lílọ àti bíbọ̀ fún ìrun márààrún jẹ́ ìṣẹ́jú 40 lójúmọ́. Ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ gan-an, tó ń gbé ìgbésẹ̀ 80 ní ìṣẹ́jú kan, á ti rin 3,200 kó tó kúrò ní Ìṣáì, láìtíì ka ìrìn inú ilé. Orúnkún tó ń dùn ló sọ ọ̀pọ̀ àwọn bàbá di ẹni tó ń kírun nílé. Bí tiwọn bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi ìrun kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, Àsùbáà tàbí Mọ̀gàríbà, nígbà tí oòrùn kò mú. Ohun kan wà tí mo máa ń tẹnu mọ́: ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń fi fóònù sílé nígbà tí wọ́n bá ń lọ kírun, nítorí ẹ̀rù pé yóò dún nínú sáfù. Bí a bá sọ fóònù di èyí tí kò dún, ó ṣì ń ka ìgbésẹ̀. Bí a bá pa á pátápátá ni kíkà dúró. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ẹ rí i pé ọwọ́ wọn mọ́ ọn.

Ní oṣù Fẹ́búárì àti Máàṣì tí oòrùn Ìlọrin ń jó ni lórí, kí wọ́n má rìn lọ́sàn-án rárá, pàápàá bí oògùn tó ń mú kí wọ́n tọ̀ bá wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Lásìkò ọyẹ́ tí eruku pọ̀, inú àgbàlá náà tó. Bàtà tí ó di gìgísẹ̀ mú ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì.

Lẹ́yìn tí iye bá ti ń gòkè, ẹ lè wá wo bí wọ́n ṣe ń yára sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2020 pé kí àgbà máa ṣe ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ nínú eré ìdárayá tó mú ara gbóná díẹ̀. Nǹkan bí ìgbésẹ̀ 100 ní ìṣẹ́jú kan ni ìrìn ti ń di irú èyí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn elétò ìlera ní Ìlú Ọba ní áàpù kan, Active 10, tí kò tilẹ̀ bìkítà fún àpapọ̀ ìgbésẹ̀. Ìṣẹ́jú tí èèyàn fi rìn kíákíá ló ń kà, mẹ́wàá mẹ́wàá. Mo fẹ́ràn èrò inú rẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀yin náà lè fi aago fóònù lásán ṣe é: ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí wọ́n rìn dé ibi tí wọ́n lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn ò lè kọrin. Bí wọn ò bá lè sọ̀rọ̀, wọ́n ti yára jù. Bí wọ́n bá lè kọrin ìwúre láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n lè fi díẹ̀ kún un.

Mo wá dé ibi tó ń ká mi lára jù. Áàpù tó ń ka ìgbésẹ̀ kò rí agbára iṣan itan, kò sì rí bí èèyàn ṣe lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ohun méjèèjì yìí ló máa ń sọ bóyá àgbàlagbà yóò ṣubú ní balùwẹ̀ tàbí kò ní ṣubú. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí ẹni tó ti pé 65 máa ṣe eré tó ń mú iṣan le àti ìdúró gún, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Fún orúnkún bí ti bàbá yín, mo gbà pé èyí ṣe pàtàkì tó ìrìn fúnra rẹ̀, torí iṣan iwájú itan ló ń gba ẹrù kúrò lórí oríkèé.

Bí wọ́n ṣe máa ṣe é rèé. Kí wọ́n gbé àga tó ga díẹ̀, tí kò ní táyà, fẹ̀yìn ti ògiri. Kí wọ́n jókòó sí iwájú àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, kí gìgísẹ̀ wà lẹ́yìn orúnkún díẹ̀. Kí wọ́n ká ọwọ́ sí àyà, kí wọ́n na imú síwájú kọjá ìka ẹsẹ̀, kí wọ́n dìde. Kí wọ́n wá rọra jókòó padà láìjẹ́ kí ìdí jábọ́ sórí àga. Jíjókòó jẹ́jẹ́ yẹn ló ń kọ́ iṣan jù. Bí ó bá ṣòro, kí wọ́n fi tìmùtìmù kan sórí àga kó lè ga sí i, tàbí kí wọ́n fi ọwọ́ kan ti itan. Márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún ṣe márùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n di ògiri mú, kí wọ́n gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè bí ìgbà mẹ́wàá, kí wọ́n tún fi ẹsẹ̀ kan dúró bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí wọ́n pààrọ̀, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lára ògiri. Áàpù tó wúlò jù fún èyí ni aago ìdájí tó ti wà lórí fóònù. Ẹ ṣètò rẹ̀ sí ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe é, kí ẹ ya fídíò rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ni wọ́n á ti fẹ́ wò ó ju ọ̀dọ̀ òyìnbó orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

Ó wá ku ẹni tí yóò máa béèrè. Lọ́dún 2007, onímọ̀ ìlera kan tó ń jẹ́ Bravata àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìwádìí lórí ẹ̀rọ tó ń ka ìgbésẹ̀ jọ. Àwọn tó lò ó fi nǹkan bí 2,500 ìgbésẹ̀ lójúmọ́ ju àwọn tí kò lò ó lọ, ohun tó sì ya àwọn tó tẹ̀ síwájú sọ́tọ̀ ni pé wọ́n ní iye kan tí wọ́n ń lé. Áàpù nìkan láìsí ènìyàn nídìí rẹ̀, agbára rẹ̀ kì í pọ̀, tí oṣù díẹ̀ bá sì kọjá, ó máa ń rẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ilé wa ṣe rí: bàbá kì í fẹ́ kí ọmọ máa ṣọ́ òun. Bí ẹ bá ń pè lálaalẹ́ pé "Ṣé ẹ ti rìn lónìí?", kò ní pẹ́ tí wọn ò fi ní gbé fóònù mọ́. Ẹ gbé iṣẹ́ náà fún ọmọ ọmọ wọn. Kí ọmọ náà máa fi ohùn ránṣẹ́: "Bàbá àgbà, eélòó ni fóònù kà lónìí?" Kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò tíì rí bàbá àgbà tó yára bínú sí ìyẹn. Bí wọ́n bá ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń lọ sí àsàlátù tàbí sí ìpàdé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, kí àwọn méjèèjì jọ máa rìn. Àmọ́, ẹ má fi wọ́n sínú ìdíje tí áàpù máa ń to orúkọ sí, ẹni àkọ́kọ́, ẹni ìkẹyìn. Orúnkún tó ń dùn kò sí fún ìdíje, mo sì ti rí àgbàlagbà tó rin àrìnwú nítorí pé kò fẹ́ kí ẹlòmíràn ju òun lọ.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Bí ó bá ju 180 lórí 110 lọ, kí wọ́n padà sọ́dọ̀ dọ́kítà kí wọ́n tó rin ìrìn eré ìdárayá kankan. Kí wọ́n má dá oògùn dúró nítorí pé wọ́n ń rìn. Bí àyà bá ń fún wọn pọ̀, bí èémí kò bá balẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti jókòó, bí òòyì bá ń kọ́ wọn, kí wọ́n dúró, kí ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tàbí tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan bá kú, ẹ má ṣe jẹ́ kó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra. Ní ti orúnkún, ìrora díẹ̀ nígbà ìrìn tó lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ kò burú. Bí ó bá ṣì ń dùn lọ́jọ́ kejì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ dá iye náà padà sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí ó bá wú tó sì gbóná, kí wọ́n sinmi, kí ẹ mú wọn lọ sí ẹ̀ka fisiọ́tẹ́rápì ní UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ wọn, kí wọ́n wo oríkèé náà fúnra wọn.

Ní báyìí ná, ẹ pe àbúrò yín lálẹ́ òní kó pa 10,000 yẹn rẹ́. Tí ọjọ́ méje bá pé, ẹ fi iye tí bàbá kọ sínú ìwé ránṣẹ́ sí mi, bó ti wù kó kéré tó, pẹ̀lú iye ẹ̀jẹ̀ wọn àti bí orúnkún ṣe ṣe lọ́sẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni a ó ti mọ iye tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀.